Nọ́ńbà Mẹ́wàá Ìràwọ̀ Lugbe

“Tósìn! Má fọwọ́ kàn án!”

Tósìn fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Àkísà tó fẹ́ fi nu ojú láptọ́ọ̀pù já bọ́ sílẹ̀. Láníyì ti fò dìde lórí àga, ó ti ya apá méjèèjì bo ẹ̀rọ náà bí adìyẹ tó gbúròó àṣá.

“Eruku ni mo fẹ́ bá ẹ nù,” ni Tósìn wí.

“Tí ọwọ́ rẹ bá wá ṣèèṣì tẹ ‘Tẹ̀síwájú’ ńkọ́?”

Tósìn wo ọkọ rẹ̀, ọkùnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ mú un gbàgbé ibi tó yẹ kó ti sọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì Wuse. Ẹ̀rín yẹn ti dàwátì báyìí. Ojú rẹ̀ ti jìn sínú. Òní ló pé ọjọ́ kẹsàn-án tí kò ti dé ọ́fíìsì. Ọ̀gá rẹ̀ ti pè lẹ́ẹ̀mẹta. Lánàá, ó ní bí Láníyì kò bá wọlé lọ́jọ́ Ajé, kó má wulẹ̀ wọlé mọ́. Láníyì ní òun gbọ́, ó sì yíjú padà sí géèmù. Síbẹ̀, iṣẹ́ kọ́ ló ń já Tósìn láyà jù. Ọkọ rẹ̀ ni. Ó dà bí ẹni pé ó ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ̀rọ yẹn, bẹ́ẹ̀ yàrá kan náà ni wọ́n jọ wà ní Lugbe, tó ń gbọ́ èémí rẹ̀.

Géèmù bọ́ọ̀lù ni, ṣùgbọ́n irú èyí tí èèyàn kì í gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ rárá. Mánéjà ni èèyàn ń jẹ́. Á ra agbábọ́ọ̀lù, á ta òmíràn, á yan àwọn mọ́kànlá tí yóò wọ pápá, á wá fọwọ́ lẹ́rán máa wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Akínlabí, àbúrò Láníyì, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Ìràwọ̀ Lugbe, ó gbé e sí ìpele karùn-ún nílẹ̀ òyìnbó, níbi tó jẹ́ pé, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń wí, àwọn bàbá arúgbó àti ajá wọn nìkan ló ń wá wòran. Nígbà tí Akínlabí kú, Láníyì bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá a dé. Ó tò ó lọ́dún dé ọdún nínú géèmù, títí ẹgbẹ́ náà fi gòkè dé ìpele kejì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù. Bí wọ́n bá borí, ìpele kìn-ín-ní ló kàn, láàárín àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá, níbi tí Akínlabí ti búra pé òun máa dé.

Ṣùgbọ́n ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ́ ni Láníyì ń bẹ̀rù. Lẹ́tà kan ló wà lókè ojú ẹ̀rọ náà tí kò tíì ṣí, tí àmì pupa ń ṣẹ́jú lára rẹ̀: “Adúmáadán fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ̀yìntì rẹ̀.”

Adúmáadán ni nọ́ńbà mẹ́wàá wọn. Ibi tí ẹ̀rù sì ti ń ba Tósìn gan-an nìyẹn, nítorí ẹnu òun ni orúkọ náà ti kọ́kọ́ jáde.

Nígbà tí Tósìn wọlé ọkọ, Akínlabí ti wà nínú ẹbí ṣáájú rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni. Tósìn fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni, kò gbọdọ̀ pe é lórúkọ. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ìwòyí kì í ka irú ẹ̀ sí mọ́, pàápàá ní Abuja níbí, àmọ́ ìyá Tósìn ti kì í nílọ̀ dáadáa kó tó kúrò nílé. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Akínlabí gbé báàgì rẹ̀ dé láti wá máa bá wọn gbé, tí ara rẹ̀ dúdú tó ń dán bí ẹni tí wọ́n fi àdí pa lára, Tósìn kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, Adúmáadán.”

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Bọ̀dá mi, ẹ gbọ́ orúkọ tí ìyàwó yín sọ mí! Ẹ̀yin ẹ máa pè mí ní Akin lọ o. Èmi ti di àgbà!”

Láti ọjọ́ náà, Tósìn nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, nínú ilé yẹn nìkan.

Fòníkú-fọ̀ladìde ni Akínlabí. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, egungun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìgbà tí ara bá dá a dùbúlẹ̀ báyìí ló máa ń gbé láptọ́ọ̀pù sáyà, tí á máa ṣe mánéjà. Ní oṣù Kejì ọdún tó kọjá, ọyẹ́ ti ń lọ kí ó tó mú un lọ. Ọsibítù Gwagwalada ló dákẹ́ sí.

Kí wọ́n tó gbé òkú kúrò ni Díákónì Hezekiah, àbúrò bàbá wọn, ti dé sílé Láníyì. “Jókòó sílé,” ó ní. “Ẹ̀gbọ́n kì í sin àbúrò. O ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, o ò gbọdọ̀ bèèrè ibẹ̀. Má sunkún, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yá lọ́nà.”

Láníyì jókòó. Àwọn tó kéré sí olóògbé nìkan ló lọ. Tósìn sì wà lára wọn, nítorí àṣà tó ní kó máa pe ọmọ ogún ọdún ní ẹ̀gbọ́n náà ló sọ òun di àbúrò tó lè sin ín. Ó bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Nígbà tó padà dé, Díákónì mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní kó búra pé kò ní fi ibẹ̀ han ọkọ rẹ̀ láéláé. Ó búra. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ yẹn ti dùbúlẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹnì kẹta.

Ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìsìnkú náà, Láníyì ṣí láptọ́ọ̀pù Akínlabí. Lọ́dọọdún, géèmù náà máa ń dá àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tuntun fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń fún wọn lórúkọ, òun náà ló ń ya ojú wọn. Lọ́jọ́ yẹn, láàárín orúkọ òyìnbó mẹ́sàn-án, ọ̀kan jẹ́ Adúmáadán.

“Tósìn, ìwọ lo kọ ọ́ síbẹ̀?”

“Èmi? Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tan géèmù yẹn.” Orí Tósìn wú. “Ó lè jẹ́ pé àbúrò ẹ fúnra wọn ni wọ́n kọ ọ́ sínú ẹ̀ kí wọ́n tó lọ.”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀,” ni Láníyì wí. Kò bi í mọ́.

Ọdún kan nínú géèmù kò ju oṣù kan lọ níta. Adúmáadán ń dàgbà. Ẹsẹ̀ òsì ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù, bíi Akínlabí. Bí ó bá ti di oṣù Kejìlá nínú géèmù, orúnkún á dá a dúró. Gbogbo àwọn yòókù á máa gbá, òun á jókòó. Nígbà kan, tí Tósìn ń bu oúnjẹ, Láníyì ní, “Ṣé o ti bu ti Adúmáadán?” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó tún bèèrè. Tósìn nìkan ló rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Felicia tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni Tósìn kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. “Kai! Ọkọ ẹ ń fẹ́ láptọ́ọ̀pù níta, o wá ń rojọ́ fún mi,” ni Felicia dá a lóhùn.

“Ó sàn kó jẹ́ obìnrin. Ǹ bá mọ ẹni tí mo máa fa aṣọ ẹ̀ ya.”

Felicia rí omi lójú rẹ̀, ó sì dẹ́kun àwàdà. “Ọ̀rọ̀ yìí ju ẹ lọ, Tósìn. Pe àgbà ilé wọn.”

Bẹ́ẹ̀ ni Díákónì Hezekiah ṣe wakọ̀ wá láti Gwagwalada lọ́sàn-án ọjọ́ tí àkísà já bọ́ lọ́wọ́ Tósìn yẹn, ọjọ́ Sátidé. Tósìn kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà. Díákónì kò tilẹ̀ dúró mu omi.

“Láníyì! Géèmù ló ní kó o má lọ síbi iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀? Iṣẹ́ táwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ ń gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́ lé lórí? Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ gan-an?”

“Ẹ káàsán, Dádì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún mọ́ ọn.”

“Kí ni mi ò ní sún mọ́? Kí ló wà níbẹ̀?”

“Akin ni.”

Díákónì wo Tósìn bí ẹni tó ń bèèrè bóyá ọ̀rọ̀ ti kọjá ohun tí wọ́n sọ fún un lórí fóònù. Ó yọ awò ojú rẹ̀ lápò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú ẹ̀rọ náà. Àwòrán ọkùnrin kan tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún wà lápá òsì, dúdú, tó ń dán, tí irun iwájú orí rẹ̀ ti ń sá lọ sẹ́yìn.

“Nígbà tó kọ́kọ́ dé, kò jọ ọ́,” ni Láníyì wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ojú ọmọ kan ṣáá ni. Ọdọọdún ló ń jọ ọ́ sí i. Ẹ wò ó dáadáa, Dádì. Bí Akin ṣe máa rí nìyẹn tó bá pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.”

Díákónì yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀. “Bàbá yín ni mo ń wò yìí,” ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lọ. “Ojú ẹ̀gbọ́n mi nìyí, nígbà tí wọ́n ń kọ́ni ní Ìkọ̀lé.”

Ẹ̀rù tó bá a ló di ìbínú. Lójijì, ó bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì fa wáyà láptọ́ọ̀pù náà yọ lára iná.

Láníyì kígbe. Tósìn dijú, nítorí ó pẹ́ tí bátìrì ẹ̀rọ yẹn ti kú. Bí iná bá ti ṣẹ́jú báyìí, ojú rẹ̀ á dúdú. Nígbà tó la ojú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà ṣì ń tàn sí àyà ọkọ rẹ̀. Ó ń tàn geere. Àmì pupa náà ṣì ń ṣẹ́jú.

Díákónì dúró gbagidi, wáyà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fi ìkánjú fa ìrù ejò. “Jésù,” ó ní. Ó sọ wáyà náà sílẹ̀, ó fẹ̀yìn rìn títí ó fi dé fàráǹdà.

Tósìn fa àga kan, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba òun náà, ṣùgbọ́n bí ó ti rí ọwọ́ Láníyì lórí tábìlì, ìfẹ́ rẹ̀ bo ẹ̀rù náà mọ́lẹ̀. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e.

“Ṣí lẹ́tà náà.”

“Ó fẹ́ lọ ni.”

“Mo mọ̀.”

“O ò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kọ ọ́ sí mi ṣáájú. Ní ọdún méjì sẹ́yìn nínú géèmù yìí, mo bẹ̀ ẹ́, ó gbà. Èṣí, mo tún bẹ̀ ẹ́, ó tún gbà, ṣùgbọ́n gbogbo ọdún yẹn ló fi jókòó sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú orúnkún ẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyà ni mo fi ń jẹ ẹ́. Wọ́n ní kí n má dé ibẹ̀, Tósìn. Wọ́n ní kí n má sunkún. Èmi tí mo kọ́ ọ bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Èwo ni wọ́n wá fi sílẹ̀ fún mi láti ṣe?”

Tósìn wo ẹnu ọ̀nà. Ó rí ẹ̀yìn Díákónì ní fàráǹdà. Ó mọ̀ pé ó ń gbọ́.

“Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà,” ó ní. “Nígbà tí mo bu yẹ̀pẹ̀ tán, mo dágbére fún Adúmáadán lórúkọ ara mi. Mo fẹ́ dágbére lórúkọ tìrẹ náà. Mo la ẹnu títí, ọ̀rọ̀ kò jáde. Èèyàn ò lè báni dágbére fún ọmọ ìyá ẹni, Láníyì. Ìwọ lo máa ṣe é.”

Láníyì tẹ àmì pupa náà.

Lẹ́tà náà kò gùn. Adúmáadán ní ara òun kò gbé e mọ́. Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mánéjà òun fún gbogbo ọdún tí wọ́n jọ lò, àti pé, bí ó bá tẹ́ mánéjà lọ́rùn, òun fẹ́ kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ òní jẹ́ ìkẹyìn. Ìdáhùn méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀ fún un láti yàn: kó bẹ̀ ẹ́ kó dúró, tàbí kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó jẹ́ kó máa lọ.

Ọwọ́ Láníyì lọ síbi àkọ́kọ́. Ó dúró síbẹ̀.

Tósìn rọra kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì, bí ó ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí àwọn ará ilé ọkọ. “Adúmáadán, ẹ kú iṣẹ́ o,” ó ní. “Ẹ ti ṣe é. Ẹ jẹ́ ká gbá eléyìí pọ̀, kí ẹ lọ sinmi.”

Láníyì yan ìkejì. Ó mí kanlẹ̀, ó sì tẹ ‘Tẹ̀síwájú’.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù kéékèèké jáde sórí pápá. Àwọn alátakò kọ́kọ́ jẹ Ìràwọ̀ Lugbe ní góòlù kan. Láníyì fa àga sún mọ́ iwájú, ó ń sọ̀rọ̀ sábẹ́ ẹnu: “Ẹ sún sókè. Ẹ má sá fún wọn.” Kí ààbọ̀ àkọ́kọ́ tó parí, Ìràwọ̀ Lugbe dá a padà. Ní ìṣẹ́jú kẹrìnléláàádọ́rin, nọ́ńbà mẹ́wàá gba bọ́ọ̀lù lápá ọ̀tún, ó gé e sí ẹsẹ̀ òsì, ó sì gbá a wọlé. Tósìn tí kò mọ bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí ọsàn pariwo, ó dì mọ́ ọrùn ọkọ rẹ̀.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, Láníyì ṣí àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì.

“Kí lo ń ṣe?” ni Tósìn bi í.

“Mo fẹ́ yọ ọ́.”

“Ṣé wọn ò ní dá góòlù padà?”

“Wọ́n lè dá a padà. Mo fẹ́ kí àwọn èrò dìde fún un.”

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́. Ariwo àwọn òǹwòran rú jáde láti inú ẹ̀rọ náà, ó sì pẹ́, ó pẹ́ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Agbábọ́ọ̀lù kékeré náà rìn jẹ́jẹ́ dé etí ìlà. Ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, ó kọjú sí ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà, kò sí níbẹ̀ mọ́.

“Ó dàbọ̀, Akin,” ni Láníyì wí.

Fèrè ìparí dún. Ìràwọ̀ Lugbe ti wọ ìpele kìn-ín-ní. Kò sẹ́ni tó hó. Láníyì gbé orí lé tábìlì, ẹkún tó ti ń gbé mì láti ọdún tó kọjá sì já. Ó sunkún bí ọmọdé, kíkankíkan, láìbojúwẹ̀yìn. Díákónì sáré wọlé, ó ti gbé ọwọ́ sókè láti pa á lẹ́nu mọ́. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ó sì dúró tì wọ́n.

Ojú ẹ̀rọ náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ó dúdú.

“O ti fi géèmù náà pamọ́ sínú ẹ̀?” ni Tósìn bèèrè.

Láníyì gbé orí sókè. “Rárá.”

Ó yé wọn. Bí wọ́n bá tún tan ẹ̀rọ náà, àárọ̀ ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà ni yóò padà sí. Ìràwọ̀ Lugbe yóò padà sí ìpele kejì, lẹ́tà yóò wà níbẹ̀ láìṣí, Adúmáadán yóò sì tún wà níbẹ̀, ní nọ́ńbà mẹ́wàá, tí yóò máa dúró.

Láníyì bẹ̀rẹ̀, ó he wáyà náà nílẹ̀. Ó wo ihò iná lára ògiri, ó wo wáyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ká a jọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń di ẹrù ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò. Ó pa láptọ́ọ̀pù náà dé, ó gbé wáyà lé e lórí.

“Dádì,” ó ní, “níbo lẹ sin ín sí?”

“Èmi?” Díákónì mi orí. Omi ti kún ojú òun náà. “Mi ò mọ ibẹ̀, ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n lèmi náà.” Ó yíjú sí Tósìn. “Nínú àwa tá a wà níbí, ìyàwó wa nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ìyàwó, ìbúra ọjọ́ sí, mo ti yọ ọ́ lọ́rùn ẹ. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tẹ̀lé yín.”

Tósìn dìde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti bí ọdún kan àtààbọ̀, kò sí ẹnì kẹta láàárín òun àti ọkọ rẹ̀. Ó nawọ́ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ Díákónì.

“Ẹ jẹ́ ká tètè lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, sà,” ó ní. “Láníyì, lọ wẹ̀, kí o fá irùngbọ̀n yẹn. Adúmáadán ò rí ọ báyìí rí.”